Bí a ṣe ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí kòkòrò inú ìfun rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́ yóò ti rí i pé oúnjẹ tí ìyá ẹlẹ́dẹ̀ jẹ tí ó fi ń dán, bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú bá jẹ ẹ́, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò máa yà. Títóbi inú nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun, tí a ń pè ní bakitéríà, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, oríṣi wọn sì ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Bí a bá dé ọjà Akẹ̀sán lọ́jọ́ kan tí ó jẹ́ pé ẹlẹ́lùbọ́ nìkan ló pàtẹ, bí wọ́n tilẹ̀ tó igba, ẹni tí ó wá ra ata yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rí: kòkòrò kún un, ṣùgbọ́n oríṣi wọn kò tíì pọ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni oríṣi ń pọ̀ sí i, oúnjẹ tí ó ń jẹ ló sì ń pinnu èyí tí yóò ráyè.

Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò rẹ̀ àkọ́kọ́: láti ojú ara rẹ̀ nígbà ìbí, láti orí ọmú, àti láti inú ìgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fọ yàrá ìbímọ mọ́ tónítóní kí ìyá tó wọlé, bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ kẹrìnléláàádọ́fà tí oyún rẹ̀ yóò pé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti bímọ, ẹ má ṣe máa da oògùn ìfọlẹ̀ sí ọmú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ń fi imú túlẹ̀ níbi ìgbẹ́ ìyá rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ogún rẹ̀ ló ń gbà. Ẹ rí i dájú pé gbogbo ọmọ ló mu omi ọmú àkọ́kọ́ kí wákàtí 24 tó pé, nítorí pé ìyá ẹlẹ́dẹ̀ kì í fi èròjà agbógunti-àrùn ránṣẹ́ sí ọmọ nínú oyún, ìfun kì í sì í gbà á wọlé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣúgà inú wàrà ló ń bọ́ Lactobacillus, bakitéríà rere tí ń mú inú ọmọ kan díẹ̀, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, ẹ máa bu ìkúnwọ́ oúnjẹ gbígbẹ kan sínú àwo pẹlẹbẹ fún wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìgbà jíjá lẹ́nu ọmú ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ já ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú, ọjọ́ kan náà ni mo mú ìyá kúrò, tí mo kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá mìíràn, tí mo sì da èèpo ẹ̀gẹ́ sí oúnjẹ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, omi aláwọ̀ ìyeyè ti lẹ̀ mọ́ itan wọn títí dé gìgísẹ̀, ìrù wọn sì tutù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wàrà tán lójijì, Lactobacillus dínkù, ara ògiri ìfun rẹ̀yìn, oúnjẹ tí kò dà sì di àsè fún E. coli, bakitéríà tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn bakitéríà Prevotella tí ń jẹ ọkà àti ewébẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti gba ipò.

Àwọn àgbẹ̀ ńlá ní òkèèrè ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé wọ́n ní yàrá olóoru àti oúnjẹ oníwàrà. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló bá wa mu. Ẹ mú ìyá kúrò, kí àwọn ọmọ dúró sí yàrá tí wọ́n mọ̀. Ẹ fi oúnjẹ tí wọ́n ti ń tọ́ wò bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ po ìdá mẹ́ta ti àtijọ́ mọ́ ìdá kan ti tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di ìdajì sí ìdajì fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, kí tuntun tó wá borí. Ẹ lè fi omidùn orí ògì po oúnjẹ náà kí ó rọ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹbí Lactobacillus wà, kíkan rẹ̀ kò sì bá E. coli lára mu. Nígbà ọyẹ́, ẹ ta àpò bo ojú fèrèsé lálẹ́, kí ẹ sì tẹ́ pòròpórò gbígbẹ sílẹ̀. Ọmọ tí òtútù bá mú kì í jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ mi yẹn, mo da tẹtirasaíkìlìn, oògùn apakòkòrò, sínú omi wọn. Ìgbẹ́ náà dá, ó sì tún padà. Oògùn bẹ́ẹ̀ a máa pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀tá, oríṣi tí ó kù sínú ìfun á sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi irú rẹ̀ sínú oúnjẹ ẹran kí ẹran lè tètè tóbi. Dókítà ẹranko ni kí ó sọ ìgbà tí a ó lò ó.

Láti oṣù kẹta sókè, ìfun ńlá ti gbòòrò, oríṣi kòkòrò ti pọ̀, wọ́n sì ń sọ fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú fúnra rẹ̀ kì í lè dà, di èròjà kíkan tí ń bọ́ ara ìfun. Ìgbà yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ẹ̀gẹ́ láti ibi tí àwọn ìyá wa ti ń yan gàrí, àti èèrí ekùrọ́ tí a ti yọ àdín rẹ̀, kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sá èèpo náà títí yóò fi ṣẹ́ kàn-ín lọ́wọ́, nítorí májèlé sáyánáìdì tí ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ lè jẹ púpọ̀ nínú èèpo gbígbẹ àti èèrí yìí. Àgbà ìfun ni tirẹ̀.

Àwọn kan a máa bu ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ láti ọgbà ẹlòmíràn wá fún ọmọ, kí oríṣi kòkòrò lè tètè pọ̀. Ẹ má ṣe é. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà, tí kò ní oògùn, lè bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé, ìyá tí ó bí wọn sì ti fún wọn ní tirẹ̀.