Bí mo ṣe ya máàpù iná ìgbẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ apá Ìgbẹ́tì

Tí ọyẹ́ bá ti dé ní Ìgbẹ́tì, ẹni tó ní oko kajú kì í sùn dénú mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan fi ní kí n bá àwọn ya máàpù tí yóò fi ibi tí iná lè gbà wọ oko àwọn hàn.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. NASA ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní FIRMS, ọ̀fẹ́ ni: ibikíbi tí sátẹ́láìtì bá ti rí ooru iná, ó wà níbẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń wo iná láti ara sátẹ́láìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní VIIRS ni mo mú, torí ojú rẹ̀ mú ju ti MODIS, ẹ̀rọ mìíràn, lọ: mítà 375 ni àmì rẹ̀ kan, ti MODIS tó kìlómítà kan. Mo kó o sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, mo pín in ní oṣù-oṣù. Ẹ má fo ìpín oṣù yìí o! Koríko tó ṣì tutù ni iná oṣù kọkànlá ń bá, kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ti oṣù kejì ló ń pa igi. Tí ẹ bá ka méjèèjì pọ̀, pupa tó jẹ́ àmì ewu yóò hàn lórí máàpù yín níbi tí kò yẹ.

Mo fi gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú-ọ̀run Amẹ́ríkà wọ̀n lọ́dún 2000 kún un, nítorí iná a máa yára tó bá ń gun òkè. Ni kọ̀ǹpútà bá sọ Òkè Ìyámọ̀pó di ibi ewu. Àpáta lásán! Kí ni iná fẹ́ jẹ níbẹ̀? Mo fi àwòrán láti sátẹ́láìtì Sentinel-2 yọ àpáta kúrò. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà oko tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn pápá gbígbẹ ni mo ṣàmì sí jù.

Títí dé ibẹ̀, ibi tí iná lè jà nìkan ni mo tíì yà. Apá tó pupa jù bọ́ sínú Old Oyo National Park, lọ́nà Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní abà. Ohun tí iná yóò bà jẹ́ ló kan àwọn àgbẹ̀. A jọ tò ó: oko kajú, àká iṣu, ilé tí wọ́n fi koríko bò, ibi tí omi wà. Mo gbé ìyẹn lé ti àkọ́kọ́ lórí, pupa bá ṣí kúrò nínú igbó ìjọba, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko.

A tẹ́ máàpù náà sílẹ̀ nílé baálẹ̀. Bàbá ọdẹ kan wò ó pẹ́, wọ́n ní, “Ṣé ọ̀sán ni wọ́n ń finá sígbó ni?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán àti ti òru ni àwọn sátẹ́láìtì yìí ń kọjá. Iná tí wọ́n dá ní ìrọ̀lẹ́, tó kú kí òru tó jìn, kò ní hàn. Bàbá gba báírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà sí ibi tí àwọn ọdẹ àti darandaran ti máa ń finá sí koríko. Bí wọ́n ṣe fà á ni mo gbé e wọ kọ̀ǹpútà.

Ibi tí ìlà bàbá ti pàdé pupa tèmi ni àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ ṣán: wọ́n hó koríko kúrò yí oko ká kí oṣù kejìlá tó wọlé, wọ́n sì pín àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Tí òjò bá dá lọ́dún tó ń bọ̀, n óò tún un yà, torí àwọn kan ti ń la oko tuntun lápá ibẹ̀.