Fún ọmọ tó máa ń bì nínú ọkọ̀
Ẹ̀yin òbí tó ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó máa ń bì nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sáàárín ìjókòó ẹ̀yìn, kó máa wo títì lọ́ọ̀ọ́kán. (Iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà kọ́ o, ewu ni fún ọmọdé.) Inú etí ló ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn, ojú tó tẹjú mọ́ fóònù ń sọ pé ojú kan la wà. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń fa èébì. Búrẹ́dì díẹ̀ ti tó kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má fún un ní dùńdún olóròóró. Àmọ́ bó bá ti ń bì látilé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.