Oúnjẹ tí ọmọ ọwọ́ lè fúnra rẹ̀ mú jẹ

Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù 6, tó lè jókòó láìfi ìrọ̀rí tì í, tí ọrùn rẹ̀ dúró, tó sì ń nawọ́ sí oúnjẹ àgbà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Oṣù nìkan kò tó. Èyí tó ṣì ń fi ahọ́n ti oúnjẹ síta kò tíì ṣe tán. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sí i. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró.

Ẹ má rọ ọ́. Ọmọ tí a tẹ́ sórí itan, tí a ń da oúnjẹ sí lẹ́nu, kò rí àyè mí, oúnjẹ sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Kó jókòó ṣánṣán, kó máa gbé e dé ẹnu fúnra rẹ̀, kí àgbàlagbà kan sì wà níwájú rẹ̀ títí yóò fi jẹun tán.

Ìka yín ni òṣùwọ̀n: ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ oúnjẹ náà. Bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, èrìgì ọmọ lè lọ̀ ọ́. Bí kò bá fọ́, ẹ dá a padà sórí iná.

Ọmọ oṣù 6 sí 8 ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di nǹkan mú ni, nítorí náà ẹ gé oúnjẹ gbọọrọ bí ìka àgbà, kí díẹ̀ lè yọ lókè ìkúùkù rẹ̀. Ànàmọ́ dára láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ sè é nínú omi lásán fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò sí iyọ̀, kò sí ṣúgà. Iṣu tó gbẹ máa ń há lọ́fun. Ẹ fi omi tí ẹ fi sè é rin ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fọ èèpo rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ kó rí ibi dì mú. Móínmóín tí kò ní ata, tí kò ní egungun ẹja, ni a fẹ́ràn jù, torí ẹ̀wà ní èròjà irin tí ọmọ nílò gidigidi lásìkò yìí. Nígbà tó bá ń fi ìka méjì ṣa nǹkan, nǹkan bí oṣù 9, ẹ gé oúnjẹ kó kéré tó hóró ẹ̀wà.

Ẹyin tó jinná délẹ̀, ẹja, àti ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tí a pò mọ́ ẹ̀kọ: ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, kí ẹ dúró ọjọ́ 3 kí ẹ tó gbé òmíràn wá. Bí ètè bá wú, tí ara sú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Gúgúrú, kókóró, súìtì, àgbọn, ìrèké, kárọ́ọ̀tì tútù, kóró àgbálùmọ̀: ẹ gbé wọn jìnnà sí i. Ẹ̀pà odidi, ó di ẹ̀yìn ọdún 5. Oyin kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún 1, àní nítorí ikọ́ pàápàá, torí kòkòrò inú rẹ̀ lè sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára.

Bó bá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, tójú rẹ̀ pọ́n, tó ń húkọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ má ki ìka sí i lẹ́nu. Ìka lè ti oúnjẹ náà wọlé sí i. Èyí tó dákẹ́ ló léwu. Bí kò bá lè ké, tí kò lè húkọ́, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ má tẹ ikùn. Ẹ máa ṣe méjèèjì tẹ̀léra títí yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn máa pe 112 bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà. Bó bá tiẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà.