Bí mo ṣe to kọ́ọ̀sì mi pọ̀ kí dìgírì mi lè bá iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe mu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí fákọ́tì Arts n'Ífẹ̀, tó jẹ́ pé nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ràn pọ̀ ju dipátímẹ́ǹtì kan lọ, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi. Èmi fẹ́ kọ́ Yorùbá, mo fẹ́ kọ́ ìtàn, mo tún fẹ́ràn tíátà, àmọ́ dipátímẹ́ǹtì kan ṣoṣo lèèyàn lè jẹ́ ọmọ ẹ̀. Yorùbá ni mo mú.

Ọjọ́ kan ni mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀nuwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, a bá àwọn àlejò láti Bùràsíìlì níbẹ̀, wọ́n ń kọrin Ọ̀ṣun, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú orin yẹn ketekete, bí wọ́n bá wá béèrè nǹkan a ò gbọ́ra wa rárá, torí Potogí ni wọ́n ń sọ. Ó dùn mí dé ọkàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn: kí n máa mú àlejò yí Ifẹ̀ ká, kí n lè dáhùn ìbéèrè wọn dáadáa.

Nígbà tí mo mọ ìyẹn tán, yíyan kọ́ọ̀sì wá rọrùn. Mo gba handbook, mo kọ gbogbo core tí mi ò lè yẹ̀ sí apá kan ìwé, mo ka yúníìtì wọn, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka bí kọ́ọ̀sì kan ṣe tóbi tó, àyè tó kù ni mo wá ń wá elective sí, ìyẹn kọ́ọ̀sì téèyàn lè fúnra ẹ̀ yàn. Yúníìtì 24 ni òpin fún sẹ̀mẹ́sítà kan, ẹ má sì rò pé ẹ gbọ́dọ̀ kún un dẹ́nu o! Mo ṣe é lọ́dún kejì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, mi ò rí oorun sùn, máàkì mi sì já wálẹ̀.

Lọ́dún kìíní, mo kó ìwé mi lọ bá level adviser wa, olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ kíláàsì wa nímọ̀ràn, kí n tó forúkọ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó." Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe, mo ṣàlàyé, ni wọ́n bá fi báírò fa ìlà sórí kọ́ọ̀sì mẹ́ta. Wọ́n ní Potogí tí mo fi sí ọdún kẹta, kí n gbé e wá sí ọdún kìíní, torí kọ́ọ̀sì èdè, orí ara wọn ni wọ́n ń kọ́ wọn lé, ẹni tí ò ṣe ti ìsàlẹ̀ ò lè ṣe ti òkè. Ìmọ̀ràn tó ràn mí lọ́wọ́ jù nìyẹn.

Kọ́ọ̀sì tíátà tí mo fẹ́ bá core mi kọlu lórí timetable, mo fi í sílẹ̀, mo wá ń lọ wo rihásà wọn nírọ̀lẹ́, mo sì ń bá wọn gbé àga. Ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò lónìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Project ọdún kẹrin ló wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 1938, ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé hú àwọn orí idẹ jáde. Mo lọ gbọ́ bí àwọn àgbà àdúgbò ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú oríkì tí wọ́n ń ki mọ́ ọn. Kọ́ọ̀sì ìtàn ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń béèrè, Yorùbá ló jẹ́ kí n gbọ́ oríkì yẹn yé.

Sátífíkéètì mi, Yorùbá nìkan ló wà lára ẹ̀. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, màmá kan láti Bahia ní Bùràsíìlì bi mí ní Potogí pé ta ló ni orí idẹ tó wà níwájú wa yìí, mo sì dá a lóhùn.