Yíyan ewéko tí yóò bo ilẹ̀ olókùúta lábẹ́ ibòòji ní Àbújá
Kí ẹ tó gbin ohunkóhun sáàárín òkúta tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí bí oòrùn ṣe ń dé ibẹ̀ sí. Rinrin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tó há sáàárín òkúta sì ti tó o. Igi rẹ̀ mọ́ gaara bí ẹni pé omi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé, yóò gbẹ àfi tí ẹ bá ń bomi rin ín. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ẹ yan ọ̀dúndún, tí ewé rẹ̀ nípọn tó sì ń tọ́jú omi. Ẹ ṣọ́ra fún àbámodá: etí ewé rẹ̀ tó bá já bọ́ ni ọmọ ti ń hù.