Bí Màámi ṣe gba òǹtẹ̀ Liverpool ní Àpápá

Nígbà tí Màámi ti ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú wọn lọ dé lọ́dún 2024, páásípọ́ọ̀tì wọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú báàgì, kí ẹ̀bùn kankan tó jáde. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò lórí omi. Barcelona ni wọ́n ti wọkọ̀. Ọkọ̀ náà gbé wọn dé Marseille, ó gbé wọn dé Genoa, ó gbé wọn dé Naples, ó tún gbé wọn padà sí Barcelona. Òǹtẹ̀ méjì péré ni mo rí níbẹ̀: èyí tí wọ́n lù ní pápákọ̀ òfurufú Barcelona nígbà tí wọ́n ń wọlé, àti èyí tí wọ́n lù nígbà tí wọ́n ń jáde. Ti Faransé, kò sí. Ti Ítálì, kò sí.

"Ṣé o rí i báyìí? Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo dé Ítálì?"

Mo ṣàlàyé. Spéìnì, Faransé àti Ítálì jọ wà nínú àdéhùn Schengen. Ẹni tó bá ti wọ ọ̀kan ti wọ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tí yóò tún yẹ ìwé rẹ̀ wò láti èbúté kan sí èkejì. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀, káàdì tí èrò fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá náà ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń padà wọlé. Àlàyé náà wọ etí wọn, kò wọ ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ náà sì tún ti le sí i látìgbà yẹn: láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ojú àti ìka ọwọ́ rọ́pò òǹtẹ̀ lẹ́nu ibodè wọn.

Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní Súrùlérè, páásípọ́ọ̀tì bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1964, kí àwọn méjèèjì tó mọra, bàbá mi wọ ọkọ̀ Aureol ní Àpápá lọ sí Liverpool. Aureol yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ sílùú òyìnbó nígbà náà, kí bàlúù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ Àpápá wà nínú ìwé náà, ti Liverpool wà níbẹ̀, yíǹkì aláwọ̀ àlùkò tó ti ń ṣí. Màámi máa ń fi ìka tọ etí wọn yí po. Wọ́n fẹ́ tiwọn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a wá ẹni tí yóò lu òǹtẹ̀ ìrántí sínú páásípọ́ọ̀tì wọn. Òótọ́ ni pé àwọn arìnrìnàjò ń ṣe é: òǹtẹ̀ ìrántí wà ní Machu Picchu ní Peru, ó wà ní Ushuaia ní gúúsù Ajẹntínà, páásípọ́ọ̀tì gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń tẹ́ kalẹ̀ fún un. Mo ní rárá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé dúkìá ìjọba Nàìjíríà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, elójú ewé 32 ti di ₦100,000. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti àṣọ́bodè tó kó síbẹ̀, òṣìṣẹ́ bàlúù lè wò ó kó ní ìwé ti bàjẹ́, kó sì dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìwé tiwa la máa ṣe.

Ṣómólú ni mo gbà lọ. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó tí kò dé Ṣómólú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ń di ìwé ni wọ́n júwe fún mi, ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ. Mo ní mo fẹ́ ìwé kékeré bíi páásípọ́ọ̀tì, milimítà 125 ní gígùn, 88 ní ìbú, ojú ewé 32, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Bàbá béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dìde, wọ́n mú bébà mẹ́ta wá, wọ́n gbé òǹtẹ̀ ìsanwó wọn, wọ́n lù ú mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ń dán gbinrin. Wọ́n fi àtàǹpàkò kàn án, yíǹkì náà fà lọ gbọọrọ bí ìrù ológbò. Èkejì fẹ́lẹ́, yíǹkì là á kọjá sẹ́yìn, létà rẹ̀ wú. Ẹ̀kẹta kò dán, ó nípọn díẹ̀, gíráàmù 100: létà dúró bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀.

"Èyí ni tìrẹ, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń fi bébà kàlẹ́ńdà gba òǹtẹ̀."

Ìràn òwú ni wọ́n fi rán an, wọn ò lo pín-ìn-nì, kó lè ṣí pẹrẹsẹ bí wọ́n bá tẹ́ ẹ. ₦5,000 ni wọ́n gbà. Mo rò pé ó tọ́ sí wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kù. Àbúrò kan tó ń gé òǹtẹ̀ ní òpópónà kejì bá mi ya ọkọ̀ ojú omi kan sórí kọ̀ǹpútà, ÌRÁNTÍ ÌRÌNÀJÒ lókè, àyè òfìfo nísàlẹ̀ tí wọn yóò fi bírò kọ orúkọ ibi tí a bá dé àti ọjọ́ rẹ̀ sí. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ní kó má jọ ti àṣọ́bodè rárá, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá, kò fi àmì ohùn sí i. Mo dá a padà. Ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í jáde láìní gbogbo létà rẹ̀, kí ló dé tí tiwa yóò fi jáde ní ìhòòhò? Kò bínú, ó tún un gé.

Mo wá fi òfin kan lélẹ̀, Màámi sì fara mọ́ ọn: àwa kọ́ ni yóò tẹ òǹtẹ̀ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí a bá dé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun náà ni yóò kọ orúkọ ibẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè jókòó sílé kí a lu gbogbo ayé tán.

Lọ́jọ́bọ̀ kan la jáde. A wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù ní ibùdó Tíátà, a sọ̀ ní Marina. Káàdì tí a fi wọlé kàn dún píì ni, kò fi àmì kankan sílẹ̀ lára ìwé. Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ yà sí lé wa. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe: mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lu òǹtẹ̀," akọ̀wé náà sì rò pé òǹtẹ̀ iṣẹ́ wọn la ń bèèrè lórí bébà òfìfo. Kò sí akọ̀wé gidi tí yóò gbà. Láti ibẹ̀ lọ, òǹtẹ̀ tiwa ni mo ń kọ́kọ́ nà sí wọn kí n tó la ẹnu.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tó wà ní Marina nìkan la kò ti lo tiwa, nítorí wọ́n ní èyí tó tọ́. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ ra sítáǹpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ìwé yín, kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òǹtẹ̀ wọn pa á. Ọjọ́ òní àti orúkọ ibẹ̀ yóò jáde lára rẹ̀. Ìyá tó dá wa lóhùn yẹ déètì òǹtẹ̀ wọn wò, ó kọ́kọ́ lù ú mọ́ bébà pàǹtí kan, ó gbé ìwé ọwọ́ kan sábẹ́ ìwé wa kó má baà rì, ó wá tẹ̀ ẹ́ láti apá òsì yí sí apá ọ̀tún, jẹ́ẹ́jẹ́, ìlàjì lórí sítáǹpù, ìlàjì lórí bébà. Màámi, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ọdún 1852 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, pé ní 1874 Èkó ti ní sítáǹpù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn wa ń gùn. Ìyá náà gbọ́ ọ tán kó tó pe ẹni tó kàn.

A rí Freedom Park gbà, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street láyé òyìnbó. A rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn gbà, níbi tí mọ́tò tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí lọ́dún 1976 wà. Màámi kò sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ọyẹ́ ti ń gbẹ páàdì yíǹkì wa nígbà náà. Bí ẹ bá máa ṣe é lásìkò ọyẹ́, ẹ gbé ìgò yíǹkì kékeré dání.

Ibi tí mo fi pa mọ́ dẹ̀yìn ni èbúté CMS. Wọ́n kọ orúkọ wa àti nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wù amúniléfòó sọ́rùn Màámi, ọkọ̀ sì gbéra sí Àpápá. N kò sọ orúkọ èbúté tí a ń lọ fún wọn. Ìgbà tí a sọ̀ ni wọ́n rí i lára pátákó: Liverpool. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀, awakọ̀ dáńfó ń ké e lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Màámi kò tíì fi ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì gba òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́ mi. "Ìyá, ṣé kí n kọ Liverpool nìkan?"

"Rárá, ọmọ mi. Kọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Liverpool, Àpápá."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi bírò kọ ọ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi gba ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, nínú rélùwéè, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó já wa sílé, ṣíṣí ni wọ́n gbé e dání. Wọ́n ní yíǹkì náà kò tíì gbẹ.