Ẹ Dán Ilẹ̀ Wò Lójú Òjò Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Sọ́kàwéè

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tó ti ra ilẹ̀, tàbí tó fẹ́ rà á, tí kò tíì kọ́lé sí i. Ohun tó fà á ni àwọn sọ́kàwéè tó ń tú sí àgbàlá lọ́dọọdún bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti dé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀. A ò ní kọ́ yín.

Àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá. Oṣù kejì ni wọ́n ń dán ilẹ̀ wò. Bíríkìlà á gbẹ́ kòtò kékeré, á da garawa omi kan sí i, omi á lọ wàì, onílẹ̀ á ní, "Ilẹ̀ yìí dáa!" Ilẹ̀ tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti oṣù kọkànlá, ṣé ó máa kọ omi ni? Amọ̀ pàápàá á ti sán, omi á gba ibẹ̀ sá lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, amọ̀ á wú, ibi tó sán á padé, ìdọ̀tí ilé yín ò sì ní ríbi lọ.

Oṣù keje, tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá, ni kí ẹ dán an wò, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó mítà 2, kó fẹ̀ ní mítà 1 sí mítà 1. Ilẹ̀ pupa dáa. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ aláwọ̀ eérú tí àmì pupa wínníwínní wà lára rẹ̀, omi máa ń dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lọ́dún, bó tilẹ̀ gbẹ lónìí. Ẹ fi kòtò náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo ibi tí omi yọ dé nínú rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ìsàlẹ̀ páìpù tí omi ìdọ̀tí máa gbà wọlẹ̀, ó kéré tán. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kkí àti Ajah, omi ti yọ kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀ débì kan. Tánkì tí kò jò, tí ọkọ̀ ń wá fà, ló yẹ ibẹ̀. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àpáta ló sábà máa ń dí yín lọ́nà, ìdọ̀tí á sì gba ojú sísán àpáta lọ sínú kànga ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré méjì, sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú lóròó, kí ìsàlẹ̀ wọn jìn ju ibi tí páìpù máa wà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ṣọ́bìrì máa ń ra amọ̀ mọ́ ara kòtò, á máa dán bí ara ìkòkò, omi ò ní ráyè wọlé. Ẹ fi ìṣó ha á yíká, ẹ kó èyí tó já bọ́. Ẹ bu omi sí i tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ mọ́jú. Òru yìí gan-an ni wọ́n ń fò!

Láàárọ̀, ẹ tún bu omi tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ sàmì sára igi ní sẹ̀ǹtímítà 22.5 àti 7.5 láti ìsàlẹ̀, ẹ nà á ró sínú kòtò, kí ẹ ka ìṣẹ́jú tí omi fi sọ̀ láti àmì kan dé èkejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nínú kòtò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀: ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ fi 6 pín in. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú 30, omi ń yára jù, ìdọ̀tí ò ní mọ́ kó tó dé kànga. Bó bá ju ìṣẹ́jú 250 lọ, ẹ má gbẹ́ sọ́kàwéè síbẹ̀.

Bó bá bọ́ sáàárín, ẹ sọ ìṣẹ́jú náà di ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ fi 150 pín in, ẹ fi iye èèyàn inú ilé sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 4 pín in. Ẹ má bi wá léèrè ìdí 150. Ẹ ṣáà ṣe é. Ìṣẹ́jú 100 fún èèyàn 6 á fún yín ní mítà onígun mẹ́rin 60: bí ìsàlẹ̀ kòtò páìpù ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó nìyẹn. Bí kòtò tí ẹ fẹ́ tẹ́ páìpù sí bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 100. Ẹni tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, níbo ló fẹ́ tẹ́ ẹ sí?

Kànga gbọ́dọ̀ fi mítà 30 jìnnà sí sọ́kàwéè. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ò ju nǹkan bíi mítà 15 sí 30 lọ, nítorí náà kànga aládùúgbò wà nínú ìṣirò yín. Ẹ wọ ilé wọn, ẹ kí wọn, kí ẹ béèrè ibi tó wà, kí ẹ tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀.

Ẹ fi pákó bo kòtò mítà 2 náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nínú ilẹ̀ yanrìn, kẹ́nikẹ́ni má wọ inú rẹ̀. Ó máa ń ya luni.